Lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo ọmọ Leafs tó gbọ́ Yorùbá: Marner nìkan kọ́ ló já wa kulẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin ọmọ Leafs Nation tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ̀yin olólùfẹ́ Toronto Maple Leafs, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Brampton àti Scarborough, ẹ̀yin ará Weston Road, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó lọ sí Calgary àmọ́ tẹ́ ò tíì bọ́ jẹ́sì búlúù yẹn sílẹ̀, àti ẹ̀yin alágídí tẹ́ ẹ wà ní Èkó àti Ìbàdàn tẹ́ ẹ ń lajú sílẹ̀ di aago kan òru nígbà òtútù torí pé aago méje alẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní Toronto, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìfaradà. Ọdún 1967 la gba Stanley Cup, ife líìgì họ́kì NHL, kẹ́yìn, àwọn tó rí i lójú ara wọn ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà báyìí, àwa tó kù, ìtàn la gbọ́.

Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí ni ẹjọ́ tí kì í tán láàárín wa, ẹjọ́ ta ló já wa kulẹ̀ jù nínú gbogbo eléré Leafs. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti lé wa kúrò nínú playoff, ìdíje àṣekágbá tí wọ́n fi ń du ife, kálukú á gbé líìsì tiẹ̀ jáde, ẹni tó ní márùn-ún á ka márùn-ún, ẹni tó ní mẹ́wàá á ka mẹ́wàá, àmọ́ orúkọ tó wà lókè pátápátá kì í yí padà, Mitch Marner ni, Marner ṣá, Marner náà ni. Láti July 2025 ló ti kó ẹrù ẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ Vegas, síbẹ̀ ẹnu wa ò kúrò lára ẹ̀. Mi ò ní ká yọ orúkọ ẹ̀ kúrò o, ẹ má gbọ́ mi lódì. Ohun tí mò ń sọ ni pé tá a bá fẹ́ ṣe ẹjọ́, ká ṣe é dójú ẹ̀, ká pe gbogbo àwọn tó yẹ kó wá jókòó, torí àwọn kan ti fi ẹ̀yìn Marner sá pamọ́ ó ti pẹ́, àwa gan-an la sì ń bá wọn fi aṣọ bò ó.

Ìjákulẹ̀ pé oríṣi méjì lọ́dọ̀ tèmi. Ẹnì kan wà tí ọwọ́ ẹ̀ ò ká iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀, àwa la lọ fowó ńlá bẹ̀ ẹ́ wá, a wá ń bínú pé kò ṣe ohun tí kò lè ṣe. Ẹnì kejì mọ iṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n débi pé gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún un láti October títí di April, àfi kí ọjọ́ tá a fẹ́ lò ó dé kó di àwátì. Ẹni tá a ní kó wá fẹ́ wa lójú ló lọ fi ata sẹ́nu yẹn. Àwọn méjèèjì ń dunni, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, àwa ń kó wọn sínú líìsì kan ṣoṣo a sì ń fi ẹ̀ṣẹ̀ tẹni yìí bú tọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká mú David Clarkson. July 5, 2013, Leafs fún un ní kọ́ńtíráàtì ọdún 7, mílíọ̀nù 36.75 dọ́là. Ọmọ Toronto ni, ó ti gbá góòlù 30 wọlé fún New Jersey ní sáà 2011-12, gbogbo ìlú ń jó, ọmọ wa ti padà wálé, ọmọ wa ti padà wálé. Líìgì ò tíì bẹ̀rẹ̀ o, àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìmúrasílẹ̀ ni wọ́n ń gbá, wọ́n ń gbá pẹ̀lú Buffalo ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, John Scott, òmìrán eléré Buffalo, dojú kọ Phil Kessel tó jẹ́ eléré wa, Clarkson bá fò kúrò lórí bẹ́ǹṣì lọ gbèjà ẹnìkejì ẹ̀. Èèwọ̀ ni nínú òfin NHL kéèyàn fi bẹ́ǹṣì sílẹ̀ lọ jà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 10 ni wọ́n fi dá a dúró kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Nígbà tó wá padà, ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 60, góòlù 5 ló rí, ó gbé 6 sílẹ̀ fún ẹlòmíì gbá wọlé. Kò tán síbẹ̀. February 2015 wọ́n fi ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú Columbus, wọ́n gba Nathan Horton, ẹ̀yìn Horton sì ti bàjẹ́ débi pé kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo fún wa. Ẹ tún gbọ́ o, a fi eléré tí kò rí góòlù gbá pààrọ̀ eléré tí kò lè dúró lórí yìnyín, inú wa sì ń dùn! Òfin líìgì nígbà yẹn ló fà á, ẹgbẹ́ tó bá ní eléré tó fara pa fún ìgbà pípẹ́ lè ná owó kọjá òdiwọ̀n ní ìwọ̀n iye tó yẹ kí ẹni náà gbà, ìyẹn ni Horton fi wúlò. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ní July 2019, lẹ́yìn tí Clarkson ti ṣíwọ́ gbígbá, Leafs tún lọ gba kọ́ńtíráàtì ẹ̀ padà lọ́wọ́ Vegas, nítorí ìṣirò owó kan náà yẹn. Ọkùnrin já wa kulẹ̀, a lé e lọ, a tún lọ gba ìwé ẹ̀ padà wálé.

Ṣé Clarkson ló jẹ̀bi? Ta ló lè gbé mílíọ̀nù 36 síwájú ẹ kó o ní rárá? Sáà kan ṣoṣo ló ti gbá góòlù 30 láyé ẹ̀, ẹni tó ń wo ìwé mọ̀ ọ́n. Igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, àwọn tó jókòó sínú ọ́fíìsì yẹn ò wo òkèèrè. Irú ẹ̀ náà ni ti Andrew Raycroft, golkípà tí wọ́n lọ gbà lọ́wọ́ Boston ní 2006, Tuukka Rask ni wọ́n fi dípò, ọmọdé tí kò tíì gbá ẹyọ kan fún wa. Raycroft ò pẹ́. Rask ńkọ́? May 13, 2013, Game 7, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje tó ń parí síríìsì playoff, ní Boston, a ń nà wọ́n 4-1 ní abala kẹta, ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò fẹ́ kà á tán, wọ́n gbá góòlù méjì wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 31 lópin eré, Patrice Bergeron ló gbá ìkẹrin, òun náà ló parí ẹ̀ nínú overtime, àsìkò àfikún, 5-4. Ta ló dúró sínú àwọ̀n Boston lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Rask ni. Torí náà tẹ́ ẹ bá fi Raycroft sórí líìsì yín mi ò bá yín jà, àmọ́ kí ẹ fi ẹni tó rà á síwájú ẹ̀.

Ó yá, oríṣi kejì, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú bírò.

2018, Boston, Game 7, wọ́n nà wá 7-4. Góòlù mẹ́rin tiwa, Patrick Marleau gbá méjì, Travis Dermott gbá kan, Kasperi Kapanen gbá kan. Gbogbo èèyàn bú Jake Gardiner lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wà lórí yìnyín nígbà tí márùn-ún nínú àwọn góòlù yẹn wọlé, ó sì dúró níwájú àwọn oníròyìn pẹ̀lú omijé lójú ó ní òun ló fà á. Ìwọ̀nba eléré tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀san tá a san fún un ni pé ní January 2019 a hó lé e lórí nínú ilé wa, nínú Scotiabank Arena, gbogbo ìgbà tí ọ̀pá ẹ̀ bá kan pọ́ọ̀kì, róbótó dúdú tí wọ́n ń gbá nínú họ́kì.

2019, Boston náà, Game 7, 5-1. Tavares ló gbá ẹyọ kan yẹn. 2020, ọdún korona, Columbus, síríìsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ni, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn títì ní Toronto níbí láìsí òǹwòran kankan, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ 3-0, a ò rí nǹkan kan. 2021, Montreal, a ti ń fi 3-1 ṣíwájú nínú síríìsì, wọ́n lé wa bá, Game 7, 3-1, Nylander ló gbá tiwa. 2022, Tampa, 2-1, Morgan Rielly. 2024, Boston lẹ́ẹ̀kan sí i, 2-1 nínú overtime, Pastrnak ló gbẹ̀mí wa, Nylander ló gbá tiwa. 2025, Florida, a ti na wọ́n ní méjì àkọ́kọ́, wọ́n wá nà wá 6-1 ní Game 5 nínú ilé wa, àwọn èèyàn ń ju jẹ́sì sórí yìnyín, a lọ nà wọ́n 2-0 ní Florida ní Game 6, a tún padà wálé fún Game 7, 6-1 náà. Max Domi ló gbá tiwa.

Ṣé ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀? Láti 2019 sí 2025, Game 7 márùn-ún, góòlù márùn-ún, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Kò sí golkípà láyé yìí tó lè fi góòlù kan kan gba ife fún yín, kò báà jẹ́ ta ni. Ẹ wá ka orúkọ: Nylander méjì, Tavares kan, Rielly kan, Domi kan. Marner òdo. Matthews òdo. Tẹ́ ẹ bá sì fi ti 2018 kún un, òdo náà ló ṣì jẹ́ fún àwọn méjèèjì.

Èyí ló ń yà mí lẹ́nu nípa wa. William Nylander yìí, ọdún mélòó la fi bú u? Ó kọ̀ láti bọwọ́ lùwé ní 2018, December 1 tí àsìkò máa dópin ló tó gbà, nígbà tó dé, góòlù 7 péré ló rí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 54, a ní ọ̀lẹ ni, a ní owó ló wá jẹ, a ní kì í sáré padà, kì í fi ara gbá èèyàn lu ògiri, a ní ó ń gbá bí ẹni tí kò kàn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ pé ká ta ẹnì kan, òun la ń tà. Òun nìkan ló wá rí góòlù ju ẹyọ kan lọ nínú Game 7 márùn-ún tí mo kà sókè yìí. Ara ẹ̀ ló balẹ̀, àwa rò pé kò bìkítà. Ojú wa ń tàn wá jẹ, ẹ̀yin èèyàn mi, a máa ń fẹ́ràn eléré tó bá ń la òógùn tó ń pariwo tó ń fi ọ̀pá lu yìnyín, a ò ní wo ohun tó kó wálé.

Auston Matthews wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé níbí làwọn kan ti máa pa fóònù dé. Ẹ ní sùúrù. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú draft 2016, ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń mú ọ̀dọ́ eléré ní ipò-dé-ipò, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbá ní Ottawa ó gbá góòlù mẹ́rin, mo gbà. Góòlù 69 ní sáà 2023-24, mo gbà, mo tún ki í. Ẹni tó mọ góòlù gbá tó báyìí ò pọ̀ nínú ìtàn eré yìí. Àmọ́ ohun tí mo ní kẹ́ ẹ wò ni pé ní 2021, góòlù 41 tó gbá ló fi jẹ́ olórí gbogbo líìgì, ó bá Montreal gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje, ó rí góòlù kan. Marner ò rí rárá nínú síríìsì yẹn, gbogbo ilé ń pariwo Marner, Marner, ẹni tó rí ẹyọ kan ṣoṣo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ní jẹ́ẹ́jẹ́. 2025, òun ti di captain, síríìsì Florida, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje, góòlù kan. Ẹ ní ara ẹ̀ ò yá ní sáà yẹn, òótọ́ ni, ẹ ní ó ṣàìsàn ní 2024 kó tó jáde wá fún Game 7, òótọ́ ni. Àforíjìn tẹ́ ẹ fún un yìí, kí ló dé tí kò dé ọ̀dọ̀ Marner? Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń wo họ́kì sọ fún mi pé Matthews ń gbá góòlù, Marner ń gbé e sílẹ̀ fún ẹlòmíì ni, torí náà tí góòlù ò bá wọlé, ẹni tó ń gbé e sílẹ̀ ló jẹ̀bi. Mo wo ẹ̀gbọ́n lójú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mi ò fèsì, àmọ́ irú àlàyé wo nìyẹn?

Ẹ jẹ́ n sọ ti Marner náà bó ṣe rí, kí wọ́n má bàa ní mo gba rìbá. Pọ́ìǹtì 102, ìyẹn góòlù tó gbá àti èyí tó gbé sílẹ̀ lápapọ̀, ló ní ní sáà tó lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ wa. Nínú playoff, tá a bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 70, góòlù 13, ó gbé 50 sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹni tó wo nọ́ńbà yẹn láìmọ orúkọ á ní eléré gidi nìyí. Ẹni tó sì wò ó lọ́jọ́ tí síríìsì bá le, á rí i pé ọwọ́ ẹ̀ máa ń há, pọ́ọ̀kì á dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ á tún tì í kúrò kíá, àyè tó yẹ kó gbá a sí àwọ̀n, á wá ẹni tó máa gbé e fún. Èyí ni ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn ẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Ó wà nínú líìsì mi. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló há lọ́wọ́, kì í sì í ṣe òun ló kọ kọ́ńtíráàtì fún ara ẹ̀.

Torí ẹ wo ti owó. Líìgì NHL ní iye tí ẹgbẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ kọjá fún gbogbo eléré ẹ̀ lápapọ̀, mílíọ̀nù 81.5 dọ́là ni ní sáà 2019-20. Nígbà yẹn, Matthews ń gba bíi mílíọ̀nù 11.6 lọ́dún, Tavares 11, Marner bíi 10.9, Nylander bíi 7. Ẹ rò ó pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ẹ̀, fún èèyàn mẹ́rin, nínú ẹgbẹ́ tí èèyàn ogún àti díẹ̀ wà nínú ẹ̀! Kyle Dubas, ọ̀gá àgbà (GM) tó ń kó eléré jọ fún wa nígbà yẹn, ti sọ ní gbangba tẹ́lẹ̀ pé àwọn lè mú gbogbo wọn dúró, àwọn á sì mú wọn dúró, ó sì ṣe é lóòótọ́. Ìrònú ẹ̀ ni pé lọ́dọọdún ni òdiwọ̀n owó yẹn á máa ga, tó bá ga, mẹ́rin yìí ò ní wúwo mọ́. Korona dé, òdiwọ̀n dúró gbagidi sójú kan. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹ̀ ni pé kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún aburú. Zach Hyman tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ẹlòmíì ò fẹ́ ṣe, tó ń wọ igun lọ yọ pọ́ọ̀kì jáde láàárín ẹsẹ̀ èèyàn mẹ́ta, a ò lówó tá a máa fi mú un dúró ní 2021, ó lọ sí Edmonton, ó gbá góòlù 54 ní sáà 2023-24. Nick Foligno tí wọ́n fi àyè draft ìpele kìíní gbà ní April 2021 kó wá ràn wá lọ́wọ́ nínú playoff, ara ẹ̀ ò dá, kò rí góòlù kankan fún wa. Àwọn kan fi Foligno sórí líìsì! Eléré tó ń fi ara tó ń dùn ún gbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí mo kíyè sí, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa sọ ọ́. Ẹ wo àwọn tá a bú jù. Marner, agbègbè Toronto níbí ló ti dàgbà. Clarkson, ọmọ Toronto. Nazem Kadri, ọmọ London, Ontario, wákàtí méjì péré sí wa. Larry Murphy, ọmọ Scarborough. Àwọn ọmọ ilé. Tavares náà tó wá fúnra ẹ̀ ní 2018, tó gbé fọ́tò ìgbà kékeré ẹ̀ jáde níbi tó ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì onílọ́gò Leafs, gbogbo wa sọkún ayọ̀, ọdún mẹ́ta ò pé tá a ti ń sọ pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò yá mọ́. Ẹ lè ní Gardiner àti Kessel kì í ṣe ọmọ ibí, Amẹ́ríkà ni wọ́n, òótọ́ ni, a bú àwọn náà. Ṣùgbọ́n ìbínú tó wà nínú tọmọ ilé yàtọ̀. A máa ń rò pé ẹni tó ti mọ ebi tó ń pa wá láti kékeré, ó yẹ kó mọ̀ pé òun ò láṣẹ láti kùnà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò mọ Larry Murphy. Difẹ́ńdà ni, ó ti gba ife méjì pẹ̀lú Pittsburgh kó tó wá sọ́dọ̀ wa ní 1995. Kì í sáré púpọ̀, ọpọlọ ló fi ń gbá, owó ẹ̀ sì pọ̀. Kò tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí nínú ilé ara ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá fọwọ́ kan pọ́ọ̀kì. March 1997 wọ́n gbé e fún Detroit, ohun tí wọ́n gbà padà ò tó nǹkan. Ó gba Stanley Cup ní 1997, ọdún yẹn náà! Ó tún gba òmíràn ní 1998. 2004 wọ́n gbé e wọ Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni họ́kì, tí ilé ẹ̀ wà ní àárín ìlú Toronto níbí, ẹni tó bá ní àkókò kó lọ wo àwòrán ẹ̀.

Kessel, a san draft ìpele kìíní méjì àti ìpele kejì kan fún Boston lórí ẹ̀ ní 2009, wọ́n fi mú Tyler Seguin àti Dougie Hamilton nínú ẹ̀, a wá bú Kessel nítorí owó tí ẹlòmíì san. Wọ́n ní ó sanra, wọ́n ní hot dog ló ń jẹ lójoojúmọ́. A tà á sí Pittsburgh ní July 2015, ó gba ife ní 2016, ó gbà á ní 2017, ó ko hot dog sínú Stanley Cup ó jẹ ẹ́, ó tún gba ìkẹta pẹ̀lú Vegas ní 2023. Kadri, ìwà ẹ̀ ló kó bá a, wọ́n dá a dúró nínú playoff 2018, wọ́n tún dá a dúró nínú ti 2019, Boston ni ìgbà méjèèjì, mo bínú sí i títí ó fi rẹ̀ mí. A tà á sí Colorado, ó gba ife ní 2022. Luke Schenn tá a mú ní ipò karùn-ún ní 2008 tá a ní kò tó bẹ́ẹ̀, Tampa, 2020 àti 2021. Mi ò sọ pé ká má ta ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó bá tọ́ sí títà, ẹ tà á. Àmọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹni tá a lé jáde bá ń di alájọyọ̀ níta, ó yẹ ká bi ara wa léèrè bóyá àìsàn yẹn wà lára wọn tàbí ó wà nínú ilé.

Apá tó kàn yìí ni kò bá mi lára mu láti kọ, àmọ́ tí mi ò bá kọ ọ́, lẹ́tà yìí ò ní láárí. Marner fúnra ẹ̀ sọ lẹ́yìn tó lọ sí Vegas pé wọ́n gbé àdírẹ́sì ilé òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn Game 7 ti 2025, pé ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣọ́ ilé òun, ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ tuntun wà nínú ilé. Nítorí eré họ́kì! Àwa ọmọ Yorùbá tá a wà nínú ẹ̀, ẹ má sọ fún mi pé òyìnbó ló ṣe é, kò kàn wá. Ẹ rántí ohun tí àwọn èèyàn wa ṣe fún Alex Iwobi lẹ́yìn àṣekágbá AFCON ní February 2024, wọ́n bú u títí ó fi pa àwọn fọ́tò ẹ̀ rẹ́ lórí Instagram, Ahmed Musa ló wá jáde bẹ àwọn èèyàn. A mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ní họ́kì ó tún ní ibi mìíràn tó máa ń yà sí. Joel Ward, adúláwọ̀, ọmọ Toronto, ó gbá góòlù fún Washington nínú overtime Game 7 ní 2012, ó lé Boston jáde, àwọ̀ ara ẹ̀ ni wọ́n fi ń bú u lórí Twitter lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tó rí góòlù o, tí kò já ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ kulẹ̀. Wayne Simmonds, adúláwọ̀ náà, ọmọ Scarborough, gbá fún wa láti 2020 sí 2023. Àwọn ọmọ wa náà ti ń wọ bàtà yìnyín báyìí, mo ń rí wọn ní àwọn rink kékeré Brampton láàárọ̀ Saturday, bàbá wọn á gbé báàgì ńlá lérí, ìyá wọn á mú súyà dání. Ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ kan orúkọ Adé kan á wà lẹ́yìn jẹ́sì búlúù yẹn ní Game 7, ọwọ́ ẹ̀ á sì há. Èdè tá a bá fi bú Marner lónìí làwọn yẹn máa yá lò.

Nítorí náà ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé, kò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá wà nínú Scotiabank Arena tẹ́ ẹ ti fi owó ilé san tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ hó, ẹ ní ẹ̀tọ́, ẹ hó lé gbogbo ẹgbẹ́ lórí tí wọ́n bá gbá ìgbákugbà, mi ò bá yín wí. Ẹ má hó lé ẹnì kan ṣoṣo tó di mú pọ́ọ̀kì lórí, torí ọ̀pọ̀ àwọn tá a ti bú bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ti lọ gba ife. Ẹ má lọ sórí ojú ìwé ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ́fíìsì bú eléré: ẹni tó bá fi mílíọ̀nù 36 ra góòlù 5, ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀, ìgbà tí Dave Nonis jẹ́ GM wa ni. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣe líìsì, ẹ ya oríṣi méjì yẹn sọ́tọ̀, kí Clarkson má bàa dúró sí ẹ̀gbẹ́ẹ Marner mọ́, wọn ò jọra.

Tèmi nìyí, kẹ́ ẹ má ní mo sá fún un. Nínú àwọn tí wọn ò tó iye tá a san, Clarkson ni mo fi sókè, Raycroft tẹ̀ lé e, ẹni tó rà wọ́n ló sì jẹ̀bi jù wọ́n lọ. Nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n tí wọn ò ṣe é lọ́jọ́ tó yẹ, mo fi Matthews àti Marner sí ipò kìíní, àwọn méjèèjì lórí àga kan náà, kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹnì kejì. Nylander, mo yọ orúkọ ẹ̀ kúrò pátápátá. Gardiner, mo yọ tiẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé inú á bí àwọn kan nínú yín gan-an lórí ti Matthews, ẹ̀gbọ́n tí mo sọ lókè yẹn á pè mí ní fóònù kó tó kà á tán. Kò burú, ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó má mú góòlù 69 wá, mo ti kà á. Kó mú góòlù kan ṣoṣo tí Matthews gbá wọlé nínú Game 7 wá, kó sọ ọdún ẹ̀, kó sọ ẹgbẹ́ tó gbá a sí, mo wà níbí.